Sípíríǹgì Fáàfù àti Tápẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ohun tí Ń Gba Agbára Ẹ́ńjìnnì

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fẹ́ràn láti máa fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sáré ìje, àrùn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ó ti dójú ti mẹkáníìkì púpọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ a máa dún jẹ́jẹ́. Bí a bá wà á lọ sí ọjà, kò ní fi àmì kankan hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá tẹ epo mọ́lẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sáré dé ìyípo 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìró rẹ̀ yóò máa já, agbára rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ bí iná àtùpà tí epo ti tán nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Bí kò bá sàn, wọn a tú kábúrétọ̀. Bí kò bá tún sàn, wọn a ra wáyà iná tuntun. Owó ń lọ, àrùn kò lọ. Àwọn àgbà ti wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ibi tí àrùn náà fara pamọ́ sí ni abẹ́ ìdérí tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì, níbi tí sípíríǹgì fáàfù ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí tápẹ́ẹ̀tì wà. Nǹkan méjèèjì yìí kéré, owó wọn kò sì tó owó ẹ́ńjìnnì rárá, ṣùgbọ́n wọ́n lè ba odidi ẹ́ńjìnnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò fi hàn bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣàìsàn, àti bí mẹkáníìkì tí ó ní sùúrù ti ń mọ èyí tí ó jẹ̀bi nínú wọn.

IṢẸ́ TÍ FÁÀFÙ Ń ṢE

Nínú ẹ́ńjìnnì, ihò róbótó kan wà tí à ń pè ní sìlíńdà. Inú rẹ̀ ni písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì ń ṣe tẹ̀lé ara wọn. Yóò fa afẹ́fẹ́ tí a ti pò mọ́ epo bẹntiróòlù wọlé. Yóò fún un pọ̀. Iná púlọ́ọ̀gì yóò ràn án, agbára iná náà yóò sì ti písítìnì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí yóò lé èéfín jáde. Ìgbà méjì ni kíráńkì ṣáàfù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń yí po kí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí.

Ẹnu ọ̀nà méjì ni sìlíńdà ní, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, èkejì fún èéfín tí ń jáde. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn àwọn ẹnu ọ̀nà náà. Ó rí bí olú tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀: orí rẹ̀ tẹ́, ọrùn rẹ̀ sì gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlẹ̀kùn yìí gbọ́dọ̀ ṣí ní àkókò rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tì pinpin ní àkókò rẹ̀. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ nígbà tí písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, agbára ti sá lọ nìyẹn.

Kámúṣáàfù ni ó ń ṣí fáàfù. Ọ̀pá irin ni, ó sì ní àwọn ibi tí ó yọ gọnbu jáde bí orí ẹyin. Bí ó ti ń yí, ibi tí ó yọ yìí yóò gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè; tápẹ́ẹ̀tì yóò ti ọ̀pá gígùn kan tí à ń pè ní púṣíródù; púṣíródù yóò gbé ìdí rọ́kà sókè; orí rọ́kà kejì yóò sì tẹ fáàfù sísàlẹ̀ kí ó ṣí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan: kámúṣáàfù kò lè fa fáàfù padà. Títì nìkan ni ó mọ̀. Sípíríǹgì tí a fi yí ọrùn fáàfù ká ni ó ń dá ìlẹ̀kùn náà padà sí àyè rẹ̀, òun náà ni ó sì ń mú kí rọ́kà, púṣíródù àti tápẹ́ẹ̀tì máa fara mọ́ kámúṣáàfù láìsí àlàfo.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń tì ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan náà. Èyí jẹ́ ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, sípíríǹgì kan ti lè ṣiṣẹ́ yìí ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀rù irin tí ń lọ tí ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ dúró nígbà tí ó bá ti gbéra, agbára sípíríǹgì nìkan ni ó sì lè yí i padà.

ẸŃJÌNNÌ KAN TÍ A LÈ FI ṢE ÀPẸẸRẸ

Ẹ́ńjìnnì tí ó dára jù láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí ilé iṣẹ́ Chevrolet gbé jáde fún ọkọ̀ ọdún 1955, nígbà tí Ed Cole jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀. Sìlíńdà mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, wọ́n sì dúró bí lẹ́tà V. Ààyè inú àwọn sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 265 níbùú lóròó àti ní gíga, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 162 nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó fi di ọdún 1957, wọ́n ti fẹ ààyè náà dé 283, èyí tí ó sì lágbára jù nínú wọn ní agbára ẹṣin 283.

Púpọ̀ nínú agbára tí a fi kún un yìí wá láti inú pé ẹ́ńjìnnì náà lè mí dáadáa, ó sì lè yára yí. Zora Arkus-Duntov, onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bí ní Brussels ní ọdún 1909, ni ó ṣe kámúṣáàfù kan fún un tí ó jẹ́ kí ó lè dé ìyípo gíga. Ní oṣù Kìíní ọdún 1956, òun fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ Corvette kan ní etí òkun Daytona ní ìpínlẹ̀ Florida, ó sì sáré tó nǹkan bí máìlì 150 ní wákàtí kan.

Ní àkókò yìí kan náà ni eré ìje onítààrà, èyí tí ọkọ̀ méjì ń sá fún ìdámẹ́rin máìlì, ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wally Parks àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní ọdún 1951 láti fi òfin àti ààbò sí eré náà, wọ́n sì ṣe ìdíje àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní ìlú Great Bend ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ọdún 1955. Ẹ́ńjìnnì Chevrolet yìí kò wọ́n, ó fúyẹ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níbi gbogbo. Rọ́kà kọ̀ọ̀kan jókòó lórí ọ̀pá kékeré tirẹ̀, a sì lè fi nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sún un sókè tàbí sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì yìí ni ó di ọ̀rẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, tí ó sì di ọ̀tá ẹni tí ó ń fojú díwọ̀n.

TÁPẸ́Ẹ̀TÌ MÉJÌ ÀTI ÌYÀTỌ̀ WỌN

Irin a máa gùn sí i bí ó bá gbóná. Nítorí èyí, bí a bá lo tápẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ irin gbọọrọ lásán, a gbọ́dọ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rọ́kà àti fáàfù, kí fáàfù má baà ṣí sílẹ̀ nígbà tí ooru bá mú un. Àlàfo náà ni ó ń fa ìró kọ́-kọ́-kọ́ tí a máa ń gbọ́, ó sì yẹ kí a máa wọ̀n ọ́n láti ìgbà dé ìgbà.

Tápẹ́ẹ̀tì kejì ni ti ọ́ìlì. Inú rẹ̀ ṣófo, ọmọ irin kékeré kan sì wà nínú rẹ̀ tí ó lè wọlé tí ó sì lè jáde. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń wọ abẹ́ ọmọ irin yìí gba ojú ihò kan tí kì í jẹ́ kí ó padà kíákíá. Bí àlàfo bá fẹ́ wà níbìkan, ọ́ìlì yóò gbé ọmọ irin náà sókè láti dí i. Bí irin bá gùn nítorí ooru, ọ́ìlì díẹ̀ yóò jò jáde, ọmọ irin yóò sì wọlé. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń dákẹ́ jẹ́jẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wọn àlàfo. Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ Cadillac onísìlíńdà 16 ti ọdún 1930 ti ń fi agbára ọ́ìlì pa àlàfo fáàfù rẹ̀ rẹ́.

Kí tápẹ́ẹ̀tì ọ́ìlì tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọ irin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lókè pátápátá, kò sì gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. A gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀ nígbà tí a bá ń tò ó. Èyí ni a ó máa pè ní ìtẹ̀wọlé nínú àlàyé yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìtẹ̀wọlé tí ó yẹ wà láàárín ìdá 20 àti ìdá 60 bí a bá pín ínṣì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì kò ju bí ìwé ìkọ̀wé méje tàbí mẹ́jọ tí a tò lé ara wọn lọ. Inú àyè tóóró yìí ni ìlera ẹ́ńjìnnì wà.

ÀWỌN ÀRÙN SÍPÍRÍǸGÌ

Ọ̀nà mẹ́ta ni sípíríǹgì fi ń ṣàìsàn. Ìkíní ni kí agbára rẹ̀ dínkù. Ooru ẹ́ńjìnnì àti iṣẹ́ àìsinmi a máa jẹ́ kí irin rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú sípíríǹgì kan ṣe àpẹẹrẹ, tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 110 nígbà tí fáàfù tì, tí agbára náà sì ń fi pọ́ùn 300 lé sí i fún ínṣì kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí kámúṣáàfù bá ṣí fáàfù ní ìdajì ínṣì, agbára rẹ̀ yóò di pọ́ùn 260. Bí ó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá, pọ́ùn 99 ni yóò kù nígbà tí fáàfù tì, àti 234 nígbà tí ó ṣí. Lójú lásán, sípíríǹgì náà kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ń lo kámúṣáàfù ìje yóò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìje ni kì í tún lo sípíríǹgì tí ó bá ti pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni kí ó ṣẹ́. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú irin: ojú ibi tí a fi èékánná irin ha, tàbí tí ìpẹtà jẹ, ni ìlà kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa jìn sí i ní ìgbàkúùgbà tí sípíríǹgì bá tẹ̀ tí ó sì nà, títí yóò fi já. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe sípíríǹgì ìje fi ń fi ọta irin wẹ́wẹ́ lu ara rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè le, kí ìlà má baà tètè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìdí náà sì nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu ìdè tàbí irin mímú di sípíríǹgì mú. Ohun tí ó ń tan mẹkáníìkì jẹ ni pé sípíríǹgì tí ó ti ṣẹ́ sí méjì lè máa jókòó lé ara rẹ̀, kí ó sì máa ti fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rìn jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí a bá sáré ni àṣírí tú.

Ìkẹta kì í ṣe ẹ̀bi sípíríǹgì fúnra rẹ̀, ẹ̀bi ẹni tí ó tò ó ni. Bí ibi tí a gbé sípíríǹgì sí bá ga jù, kò ní tẹ̀ tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 1.80 dípò 1.75, pọ́ùn 15 ti sọnù nígbà tí sípíríǹgì náà ṣì jẹ́ tuntun. Bí ó bá sì kúrú jù, ìlà sípíríǹgì yóò kan ara wọn nígbà tí fáàfù bá ṣí tán, kò ní sí ibi tí yóò tún tẹ̀ sí mọ́, nǹkan kan yóò sì ṣẹ́ tàbí tẹ́.

ÌTẸ̀WỌLÉ TÍ Ó PỌ̀ JÙ ÀTI ÈYÍ TÍ Ó KÉRÉ JÙ

Bí ìtẹ̀wọlé bá kéré jù, tàbí tí kò sí rárá, ọmọ irin inú tápẹ́ẹ̀tì yóò máa lu ìdènà tí ó wà lókè rẹ̀. Ìró tíkí-tíkí yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pọ̀ sí i bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí pé alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ ju púṣíródù tí a fi irin ṣe lọ.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí ìtẹ̀wọlé bá pọ̀ jù, tí ọmọ irin sì kan ìsàlẹ̀, tápẹ́ẹ̀tì náà ti di igi gbọọrọ tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Fáàfù kò ní lè tì pinpin. Agbára yóò máa jò jáde láti inú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n nígbà tí ó bá dúró sójú kan, iná yóò sì máa gba etí fáàfù tí èéfín ń gbà jáde kọjá títí yóò fi jó o. Ẹ́ńjìnnì irú èyí lè dákẹ́ rọ́rọ́, kí ẹni tí ó tò ó sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ òun dára.

ÌDÍ TÍ A FI MÁA Ń DÁ ALÁÌṢẸ̀ LẸ́BI

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Nígbà tí sípíríǹgì bá rọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì sáré, fáàfù kò ní lè bá kámúṣáàfù rìn mọ́. Kámúṣáàfù ti kọjá, fáàfù ṣì wà lójú afẹ́fẹ́. Àlàfo yóò wà láàárín wọn fún ìgbà díẹ̀. Tápẹ́ẹ̀tì ọ́ìlì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí àlàfo, yóò ṣe ohun tí a dá a fún: ọ́ìlì yóò wọ inú rẹ̀, ọmọ irin yóò sì gòkè. Nígbà tí fáàfù bá wá fẹ́ tì, tápẹ́ẹ̀tì ti gùn jù, yóò sì ti ilẹ̀kùn náà sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yóò pàdánù agbára lójijì. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ọ́ìlì náà yóò jò jáde láàárín ìgbà díẹ̀, ara ẹ́ńjìnnì yóò sì tún yá.

Ẹni tí ó bá rí èyí yóò wí pé tápẹ́ẹ̀tì ni ó bàjẹ́. Yóò ra mẹ́rìndínlógún tuntun, yóò tò wọ́n, àrùn náà yóò sì padà wá. Tápẹ́ẹ̀tì kò ṣẹ̀. Sípíríǹgì ni ó jẹ̀bi. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹlòmíràn tí ìtẹ̀wọlé tirẹ̀ pọ̀ jù yóò rò pé sípíríǹgì ni ó rọ̀, yóò ra èyí tí ó le gan-an. Fáàfù kò sì ní tì síbẹ̀, ṣùgbọ́n sípíríǹgì líle náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ojú kámúṣáàfù àti ìdí tápẹ́ẹ̀tì. Àrùn kan ti di méjì.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÌWÁDÌÍ

Mẹkáníìkì tí ó gbọ́n a kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí àìsàn náà ń yọjú. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìyípo kan náà ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, yálà ọkọ̀ ń gun òkè tàbí ó ń lọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí a fura sí sípíríǹgì. Bí ó bá ń wúkọ́ nígbàkígbà tí ẹrù bá wúwo, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò sáré púpọ̀, a lè kọ́kọ́ wo iná púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá ń gbọ̀n láti ìgbà tí a ti tàn án, tí kò sì lágbára ní ìyípo kankan, ó yẹ kí a wo ìtẹ̀wọlé.

Lẹ́yìn ìbéèrè ni aago. Aago kan wà tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ mu tó. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá dúró jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rìn pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn púpọ̀ sí i bí ìyípo ti ń pọ̀ sí i, àmì sípíríǹgì tí kò lágbára nìyẹn. Bí ó bá ń já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò kan náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan, ó ṣeé ṣe kí fáàfù kan wà tí kì í tì pinpin. Aago kejì ni a ń fi sí ihò púlọ́ọ̀gì láti mọ bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Sìlíńdà tí ó bá rẹlẹ̀ jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Nígbà náà ni a ó wá ṣí ìdérí. A ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò kí ó lè rọrùn láti fi ọwọ́ yí, a ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìlà sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan yípo. Èyí tí ó bá kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tàbí tí ó ní ibi dídán níbi tí ìlà ti ń kan ara wọn, ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Èyí tí ojú kò bá rí, òṣùwọ̀n yóò rí i. Irinṣẹ́ wà tí a fi ń wọn agbára sípíríǹgì láìtíì yọ ọ́, èyí tí ó sì péye jù ni kí a yọ ọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ dé gíga tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí a sì ka pọ́ùn rẹ̀.

Fún ìtẹ̀wọlé, a ó mú fáàfù méjèèjì sìlíńdà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí fáàfù èéfín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni a ó tún ti afẹ́fẹ́ ṣe. Nígbà tí fáàfù afẹ́fẹ́ bá ti ṣí tán, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tì padà, ni a ó tún ti èéfín ṣe. A ó tú nọ́ọ̀tì títí púṣíródù yóò fi ní àyè, a ó dúró díẹ̀ kí ọmọ irin inú tápẹ́ẹ̀tì lè gòkè, a ó sì máa dì í padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí a ń fi ìka méjì gbé púṣíródù sókè sódò. Ìgbà tí ìmì òkè-òdò náà bá tán ni àlàfo tán. Ẹni tí ó bá ń fi ìka yí púṣíródù nìkan lè ṣì í, nítorí pé sípíríǹgì inú tápẹ́ẹ̀tì rọ̀ púpọ̀. Kí ó tó mọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ wọlé jìnnà.

Láti ibẹ̀ ni a ó ti ka ìyípo nọ́ọ̀tì. Lórí ẹ́ńjìnnì Chevrolet tí a sọ, ìlà 24 ni ó wà lórí ínṣì kan ọ̀pá rọ́kà. Ìdajì ìyípo ń sún nọ́ọ̀tì náà sísàlẹ̀ ní ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì. Ṣùgbọ́n nítorí pé apá rọ́kà tí ó kọjú sí fáàfù gùn ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ju apá kejì lọ, ohun tí ó dé ọ̀dọ̀ tápẹ́ẹ̀tì jẹ́ nǹkan bí ìdá 35. Odidi ìyípo kan yóò sì tó ìdá 69. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí lè rò pé òun tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nígbà tí ó ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ìdá 60 tí a sọ ṣáájú.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí kò ní nọ́ọ̀tì ìsúnsókè yìí. LS1, tí Chevrolet fi sínú Corvette ọdún 1997, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ńṣe ni a ń di rọ́kà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Nínú irú èyí, gígùn púṣíródù ni ó ń pinnu ìtẹ̀wọlé. Bí a bá gé ojú orí ẹ́ńjìnnì, tí a lo gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó tinrín, tàbí tí a pààrọ̀ kámúṣáàfù, a gbọ́dọ̀ tún wọn gígùn púṣíródù, kí a sì ra èyí tí ó bá a mu.

ÀTÚNṢE ÀTI ÌKÌLỌ̀

A lè pààrọ̀ sípíríǹgì láìtú orí ẹ́ńjìnnì kúrò. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí fáàfù já bọ́ sínú sìlíńdà nígbà tí sípíríǹgì bá kúrò. Nítorí náà àwọn kan a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà gba ihò púlọ́ọ̀gì láti gbé fáàfù ró. Àwọn mìíràn a ki okùn mímọ́ wọlé, wọn a sì gbé písítìnì sókè títí okùn náà yóò fi ti fáàfù. Ẹni tí ó bá lo afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé agbára afẹ́fẹ́ lè yí ẹ́ńjìnnì lójijì, sípánà tí a fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ sì lè ṣẹ́ni lápá. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ nínú àwọn sípíríǹgì tí ó jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ó bọ́gbọ́n mu kí a pààrọ̀ gbogbo wọn, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ṣe.

Ẹni tí ó bá fojú kéré ìkìlọ̀ yóò rí àbájáde rẹ̀. Bí sípíríǹgì bá já pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, fáàfù lè bọ́ sínú sìlíńdà, kí písítìnì sì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Orí fáàfù yóò já, yóò sì lu písítìnì, ara sìlíńdà àti orí ẹ́ńjìnnì fọ́. Ọ́ìlì lè tú sójú ọ̀nà, kí ó sì dà sábẹ́ táyà ọkọ̀ tí ń sáré gidigidi. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìje fi ń lo sípíríǹgì méjì, ọ̀kan nínú èkejì, kí èyí tí ó kù lè di fáàfù mú bí ọ̀kan bá ṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn asáré ìje ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé kòkó, àti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí ń lọ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní abúlé, ní fáàfù, wọ́n sì ní sípíríǹgì tí ń tì í. Púpọ̀ nínú wọn ń lo tápẹ́ẹ̀tì líle tí ó fẹ́ àlàfo dípò ìtẹ̀wọlé. Iye rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì náà wá. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ohùn padà, ẹni tí ó ni ín kò gbọdọ̀ yára ra ohunkóhun. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó gbọ́ ohun tí aago wí, kí ó wọn sípíríǹgì, kí ó sì wọn tápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn èyí, owó tí ó bá ná yóò bá àrùn náà gan-an.